Ìrìnàjò Jẹjẹrẹ láti Orúnkún dé Ẹ̀dọ̀fóró

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa, tí a sì tẹ̀ jáde níhìn-ín nítorí àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n wà lẹ́yìn odi.

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá wa pé kí a sọ ọ̀rọ̀ kan tí yóò ṣe ìlú láǹfààní, ó dá wa lójú pé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń retí, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni a ń ṣe jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àìsàn kan ni a gbé wá. Kì í ṣe pé a fẹ́ gba iṣẹ́ dókítà ṣe o. Inú ilé-ẹ̀kọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bá wa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ láti Mọ́níyà dé Lálúpọn, láti Ẹgbẹ́dá dé Akànrán, ó sì ti ṣe ìpalára ju bí àwọn tí ń sọ ọ́ ti mọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni pé: “Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọmọ náà ní ọsibítù, kò pé ọdún kan tí ó fi kú, gígé tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó pa á.” Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí, tí orúnkún ọmọ tirẹ̀ náà wá wú lọ́la, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò ní gba ọ̀nà ọsibítù.

Àwa náà mọ ọmọ kan tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lé lórí. Ẹni ọdún 13 ni, ó wà ní kíláàsì wa, òun ni ó sì máa ń ṣọ́ ilé bọ́ọ̀lù fún ilé-ẹ̀kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ó ní òkè orúnkún ń dun òun, àti pé òru ni ó máa ń dun òun jù, tí kì í jẹ́ kí òun sùn. A wò ó, a fọwọ́ kàn án, a sì sọ fún un pé bọ́ọ̀lù ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá bi wá léèrè, ohun kan náà ni a sọ fún òun pẹ̀lú. Nítorí pé olùkọ́ ni ó sọ ọ́, ìyá náà gbà á gbọ́. Ó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń to eegun; wọ́n fi òrí wọ́ orúnkún náà, wọ́n fi igi dì í, oṣù mẹ́ta sì kọjá. Nígbà tí wọn yóò fi dé ọsibítù, orúnkún náà ti wú tó àgbọn. Wọ́n ya ẹ́ksíréè, wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà wò, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ọmọ máa padà wá gba oògùn fún oṣù púpọ̀. Bàbá rẹ̀ béèrè pé: “Ẹsẹ̀ tí ń ṣàìsàn ti kúrò lára rẹ̀. Kí ni a tún fẹ́ fi oògùn wò?” Kò sí ẹni tí ó fi èdè tí ó yé e dá a lóhùn, owó sì ti tán. Wọn kò padà lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ikọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè bàbá yẹn ni a fẹ́ dáhùn lónìí. Ó ti pẹ́ jù fún òun, ṣùgbọ́n kò pẹ́ jù fún ẹni tí yóò tún bi í.

Àrùn tí ó mú ọmọ náà wà nínú ìdílé jẹjẹrẹ kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sàkómà. Èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú orúkọ náà, láti ara ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí ẹran ara. Jẹjẹrẹ tí etí wa mọ̀ jù, bíi ti ọmú tàbí ti ọ̀nà ilé-ọmọ, ara awọ tí ó tẹ́ inú àwọn ẹ̀yà ara ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Sàkómà ní tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nínú ohun tí ó gbé ara ró: eegun, kerekere, ẹran, ọ̀rá àti òpó ẹ̀jẹ̀. Kò wọ́pọ̀ lára àgbàlagbà. Nínú 100 àgbàlagbà tí wọ́n ní jẹjẹrẹ, bí ẹyọ kan ni ó jẹ́ sàkómà. Ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láàrin àwọn ọmọdé, nǹkan bíi 10 sí 15 nínú 100. Èyí tí ó máa ń mú eegun ọmọ, ìgbà tí ọmọ ń ga kíákíá ni ó máa ń dé, láti nǹkan bí ọdún 10 dé 20, ibi tí ó sì fẹ́ràn jù ni àyíká orúnkún, nítorí pé níbẹ̀ ni eegun ti ń gùn jù.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, láti 1960 ni UCH, ọsibítù ńlá Oríta Mẹ́fà tí wọ́n ṣí ní 1957, ti ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ sí, ìwé náà sì wà lára irú rẹ̀ tí ó pẹ́ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Lóòótọ́, ẹ̀yà kan wà nínú sàkómà eegun, èyí tí a fi orúkọ dókítà James Ewing pè, tí ó ń mú òyìnbó dáadáa tí ó sì ṣọ̀wọ́n gidigidi lára àwa ènìyàn dúdú. Àwọn yòókù kò mọ àwọ̀. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí àgbàlagbà ń sọ nípa kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé tí ó pọ̀ ní UCH nígbà kan, èyí tí Denis Burkitt kọ̀wé nípa rẹ̀ láti Uganda ní 1958, sàkómà ni Burkitt fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ pè é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni ó ti wá, ìdílé mìíràn ni.

Wàyí o, báwo ni ohun tí ó wà ní orúnkún ṣe dé ẹ̀dọ̀fóró? Ọ̀dọ̀ adìẹ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀dọ̀ adìẹ ni àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1909, àgbẹ̀ kan gbé àgbébọ̀ adìẹ kan tí kókó wà ní àyà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Peyton Rous ní Ilé Ìwádìí Rockefeller ní New York. Rous rí i pé sàkómà ni. Ó lọ kókó náà kúnná, ó sẹ́ ẹ nínú asẹ́ kan tí ojú rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì kankan kò lè gbà á kọjá, ó sì gún omi rẹ̀ mọ́ adìẹ tí ara rẹ̀ yá. Adìẹ náà ní sàkómà. Ní 1911 ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀. Nítorí náà, ohun kan tí ó kéré ju sẹ́ẹ̀lì lọ wà nínú omi náà: fáírọ́ọ̀sì ni. Ọ̀pọ̀ kò kà á sí nígbà náà. Ìgbà tí Rous di ẹni ọdún 87, ní 1966, ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel. (A mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè: rárá, adìẹ kì í kó sàkómà ran ènìyàn. Ẹ máa jẹ adìẹ yín.)

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù dé ní 1976. Michael Bishop àti Harold Varmus pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní San Francisco rí i pé jíìnì tí fáírọ́ọ̀sì náà fi ń ṣe iṣẹ́ ibi, tí wọ́n ń pè ní src, kì í ṣe ti fáírọ́ọ̀sì rárá; inú adìẹ ni ó ti jí i gbé. Gbogbo adìẹ ni ó ní in. Ènìyàn náà ní in. Jíìnì ni ìwé àṣẹ tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí ń sọ irú purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì náà yóò ṣe. Iṣẹ́ purotéènì src dà bí iṣẹ́ akọ̀wé tí ó ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́: purotéènì mìíràn tí ó bá lu òǹtẹ̀ fún ni yóò jí sí iṣẹ́. Òǹtẹ̀ yìí ni ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ìgbà tí yóò di ibùdó rẹ̀ mú ṣinṣin àti ìgbà tí yóò tú ọwọ́ kí ó lè rìn, bí ó ti máa ń rìn láti dí ojú egbò tí ń jinná. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ yá, ìjánu wà fún akọ̀wé yìí. Ẹ̀dà tí fáírọ́ọ̀sì gbé lọ ti já ìrù tí a fi ń dá a dúró. Kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó gbé òǹtẹ̀ sílẹ̀ mọ́.

Nínú jẹjẹrẹ eegun ti ọmọ ènìyàn, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì adìẹ ni ó ń dá a sílẹ̀. Àwọn jíìnì mìíràn ni ó máa ń bàjẹ́, pàápàá àwọn tí ń ṣe ìjánu fún ìdàgbàsókè, tí orúkọ wọn ń jẹ́ p53 àti RB. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì búburú náà fi ń rìn, ọ̀kan náà ni, ẹ jẹ́ kí a sì tọ̀ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ.

Àkọ́kọ́ ni pé sẹ́ẹ̀lì awọ ara so mọ́ ara wọn bí ẹní tí a hun. Kí jẹjẹrẹ awọ tó lè rìn, yóò kọ́kọ́ tú ara rẹ̀ kúrò lára ẹní náà. Sẹ́ẹ̀lì eegun àti ti ẹran kò so pọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìdè tí ó yẹ kí ó dá sàkómà dúró kò fi bẹ́ẹ̀ sí.

Èkejì ni ilẹ̀ tí yóò là kọjá. Àárín sẹ́ẹ̀lì kún fún okùn tí ó yi, bí gbòǹgbò tí ó lọ́ pọ̀ nínú ilẹ̀ ìgbẹ́. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ tí ń fi maikirosíkóòpù wo sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì Rous ti wọ̀ rí i pé ó ń na ẹsẹ̀ kéékèèké sísàlẹ̀, àti pé ibi tí ẹsẹ̀ náà bá tẹ̀, okùn ibẹ̀ ń yọ́. Ẹ́ńsáìmù tí ń gé okùn ni ó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù yìí kì í ṣe ọ̀tá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1962, ara ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú omi ni Jerome Gross àti Charles Lapière ti kọ́kọ́ rí i: òun ni ó máa ń jẹ ìrù rẹ̀ tán nígbà tí ó bá fẹ́ di ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì wa fẹ́ràn ibí yìí púpọ̀. Ohun tí Ọlọ́run fi sí ara fún àtúnṣe ni jẹjẹrẹ gbà lò fún fífọ́ ilé.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà. Kókó tí ń dàgbà yára ń fẹ́ oúnjẹ, nítorí náà ó ń rán purotéènì kan jáde tí ń pe òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Judah Folkman ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní 1971. Òpó tí a fi ìkánjú là kì í dára. Ògiri rẹ̀ ń jò, àlàfo sì wà lára rẹ̀. Ibi tí oúnjẹ gbà wọlé ni sẹ́ẹ̀lì búburú náà ń gbà jáde sínú ẹ̀jẹ̀.

Ibo ni yóò wá gbà lọ? Ẹ̀yin tí ẹ ń kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ lọ sí ìgboro mọ̀ pé ọkọ̀ tí ó bá gbéra ní Lálúpọn tàbí Ìyànà Ọ̀fà, ì báà ṣe Èkó ni ó ń lọ, ì báà ṣe Abẹ́òkúta, Ìwó Róòdù ni yóò kọ́kọ́ kàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ẹsẹ̀ ń bọ̀: ọ̀dọ̀ ọkàn ni ó ń lọ, ọkàn a sì tì í sínú ẹ̀dọ̀fóró kí ó tó pín in sí ibi yòókù. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ju sẹ́ẹ̀lì sàkómà lọ. Ibẹ̀ ni ó máa ń há sí. Jẹjẹrẹ ọmú sábà máa ń gba ọ̀nà omi ara, tí kókó abẹ́ abíyá á kọ́kọ́ wú, tí aláìsàn á fi fura. Ẹ̀jẹ̀ ni sàkómà sábà máa ń gbà. Kì í kan ilẹ̀kùn. Nínú àwọn tí jẹjẹrẹ eegun yìí bá tàn ká lára wọn, nǹkan bí 80 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ni ó lọ.

Ṣùgbọ́n dídé kì í ṣe híhù. Ní 1889, dókítà Stephen Paget ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé pé bí irúgbìn ni jẹjẹrẹ ṣe ń tàn, pé ibikíbi ni irúgbìn lè bọ́ sí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó bá gbà á ni yóò ti hù. Àgbẹ̀ ni wá, èyí kò ṣòro fún wa. Ewé tí a ń pè ní Akíntọ́lá, tí ó gba gbogbo oko àparò wa, atẹ́gùn ni ó ń gbé hóró rẹ̀ káàkiri; èyí tí ó bọ́ sórí àpáta kò hù, ṣùgbọ́n ẹyọ kan tí ó bọ́ sí ilẹ̀ tútù ti tó. Púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó wọnú ẹ̀jẹ̀ ni ń kú. Díẹ̀ ni ń yè, nítorí pé àwọn ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó mú kí ojú ọgbẹ́ dì a máa lẹ̀ mọ́ ọn lára, wọ́n a sì di agbádá tí ó fi ń sá pamọ́ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ara. Ní 2004, Chand Khanna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé purotéènì kan tí ń jẹ́ ezrin, tí ń so awọ sẹ́ẹ̀lì mọ́ òpó inú rẹ̀, ni jẹjẹrẹ eegun gbẹ́kẹ̀ lé láti má ṣe kú ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó bá dé ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí wọ́n dín ezrin kù lára sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí nínú eku, ìtànká náà dín kù. Oògùn tí yóò ṣe irú èyí lára ènìyàn kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

Nísinsìnyí ni a tó lè dá bàbá yẹn lóhùn. Ẹni tí ó bá ti bá èkan jà nínú oko mọ̀ pé ewé tí ojú rí kọ́ ni èkan. Gbòǹgbò tí ó ti sá lábẹ́ ilẹ̀ kọjá ààlà ni. Ní ọjọ́ tí a bá fi ọwọ́ kan kókó ní orúnkún, ó ti ṣeé ṣe kí sẹ́ẹ̀lì kan ti máa gbé nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí ó kéré ju ohun tí ẹ́ksíréè lè rí lọ. Kí ó tó di àwọn ọdún 1970 tí oògùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ẹsẹ̀ nìkan ni àwọn dókítà ń gé. Nínú 10 ọmọ tí ẹ̀dọ̀fóró wọn mọ́ lójú fọ́tò ní ọjọ́ tí a gé ẹsẹ̀ wọn, bí 8 ni ó máa ń kú nípa àrùn náà lẹ́yìn èyí. Ọ̀bẹ kọ́ ni ó pa wọ́n. Irúgbìn náà ti ṣáájú ọ̀bẹ dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi oògùn sínú ẹ̀jẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ó lè máa lépa àwọn tí ó ti sá lọ, 6 tàbí 7 nínú 10 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń yè ní ibi tí wọ́n bá ti rí oògùn náà gbà pé. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í tilẹ̀ pàdánù ẹsẹ̀ mọ́.

Kí ẹ má rò pé àwa nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Terry Fox, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kánádà, ní àrùn yìí ní orúnkún ọ̀tún. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní 1977. Ní oṣù kẹrin 1980 ó fi ẹsẹ̀ kan àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré la ilẹ̀ Kánádà já láti kó owó jọ fún ìwádìí jẹjẹrẹ. Ó sáré fún ọjọ́ 143, ó sì sá 5,373 kìlómítà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ikọ́ àti àyà dídùn dá a dúró: ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ó kú ní oṣù kẹfà 1981, ní ẹni ọdún 22.

Ọ̀rọ̀ kù lórí ọ̀bẹ àti wíwọ́. Àwọn kan ní bí ọ̀bẹ bá ti kan jẹjẹrẹ ni ó ń tàn. Bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá gé e níbi tí kò yẹ, ó lè da irúgbìn rẹ̀ sí ẹran tí ó wà nítòsí, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí ó jẹ́ àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà ni yóò mú díẹ̀ lára rẹ̀ wò. A kò bá àwọn tí ń to eegun jà. Wọ́n ti to eegun púpọ̀ fún ìlú yìí, ti ọwọ́ òsì wa náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n eegun tí jẹjẹrẹ ti jẹ ń tètè dá bí a bá ń wọ́ ọ, àwọn oníṣègùn sì ń bẹ̀rù pé títẹ̀ rẹ̀ lè ti sẹ́ẹ̀lì sínú ẹ̀jẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, oṣù mẹ́ta ni.

Nítorí náà, a ní ẹ̀bẹ̀ méjì sí ẹgbẹ́. Ọmọ tí eegun rẹ̀ bá ń dùn ní òru, tàbí tí kókó líle bá wà lára eegun rẹ̀, tí ó sì kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹgbẹ́ san owó ẹ́ksíréè rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi òrí kàn án. Àwa olùkọ́ yóò máa mú orúkọ wá. Èkejì, kí ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù àti ti Amẹ́ríkà bá wa dá àpò kan sílẹ̀ fún oògùn àti owó ọkọ̀, nítorí pé láti oko wa dé Oríta Mẹ́fà ní àlọ àti àbọ̀, fún oṣù púpọ̀, ni ó ń lé àwọn òbí padà sílé.

Ìyá ọmọ náà ń ta fùfú ní ọjà wa títí di òní. A lọ bá a kí a tó wá síhìn-ín, a sọ ohun tí a fẹ́ sọ fún un, a sì sọ fún un pé àwa ni a ní bọ́ọ̀lù ni. Ó ní òun rántí. Ó ní kí a má gbàgbé láti sọ fún yín pé òru ni ó máa ń dun ọmọ náà jù.